Níbo Ni Kí Á Tọ́jú Ohun Tí Aṣàmúlò Ti Ṣe Sí? Ìrírí Mi Lórí Fọ́ọ̀mù Ẹ̀yáwó Kan

Ní ọdún 2016, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́ kan ní Ìbàdàn gbé iṣẹ́ fún mi pé kí n bá wọn ṣe ìkànnì tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò ti máa béèrè fún ẹ̀yáwó. Títí di ìgbà náà, ìwé ni wọ́n ń kọ. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní Mọ́níyà yóò wọkọ̀ wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́, yóò gba fọ́ọ̀mù, yóò padà lọ wá onídùúró méjì tí yóò fọwọ́ sí i, yóò sì tún wọkọ̀ wá dá a padà. Bí akọ̀wé bá sì rí àṣìṣe kan nínú rẹ̀, ìrìn náà tún bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀tun. Mo pín fọ́ọ̀mù náà sí ojú-ewé mẹ́fà lórí ìkànnì: orúkọ àti nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́, ilé-ìwé tí ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́, owó oṣù àti nọ́ńbà BVN, àwọn onídùúró, iye tí a fẹ́ yá àti oṣù tí a ó fi san án, lẹ́yìn náà ojú-ewé tí ènìyàn yóò ti ka gbogbo rẹ̀ kí ó tó fi ránṣẹ́. PHP, èdè kan tí a fi ń kọ ìkànnì, ni mo fi kọ ọ́. Bí ènìyàn bá ti parí ojú-ewé kan, ohun tó kọ yóò wọ inú sẹ́ṣọ̀n, ìyẹn àyè ìpamọ́ onígbà díẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀ fún ẹni tó wọlé, lórí sáfà, kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé; ó sì di ìgbà tí ó bá tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn kí gbogbo rẹ̀ tó wọ inú dátábéèsì, ibi tí àkọsílẹ̀ ń wà títí.

Mo dán an wò lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì sí ìgbà kan tí ó kọṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni èmi fi ń kọ fọ́ọ̀mù náà tán, nítorí pé n kò ní onídùúró tí mo ń wá kiri, mo sì mọ gbogbo ìdáhùn lórí.

Lọ́jọ́ tí a ṣí i fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, mo jókòó sí ọ́fíìsì wọn láti ran ẹni tó bá fẹ́ ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́. Ìyá olùkọ́ kan tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò jìnnà mọ́ ló kọ́kọ́ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ìka kan ni ó fi ń tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, ó sì ń pe ohun tó ń kọ jáde lẹ́nu bí ẹni tó ń pe àpèkọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Nígbà tó dé ojú-ewé kẹrin, ó rí i pé nọ́ńbà fóònù onídùúró kejì kò sí lọ́wọ́ òun. Ó pe ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n, wọ́n kí ara wọn, wọ́n béèrè àlàáfíà ilé àti ọmọ, ẹni náà ní kí ó fún òun ní ìṣẹ́jú díẹ̀, nọ́ńbà sì dé lẹ́yìn bí ogójì ìṣẹ́jú. Ó kọ ọ́ sí àyè rẹ̀, ó tẹ “Tẹ̀síwájú”, ìkànnì sì gbé e padà sí ojú-ewé ìwọlé. Nígbà tó tún wọlé, fọ́ọ̀mù náà ṣófo. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó kọjú sí mi, ó ní, “Ọmọ mi, gbogbo ohun tí mo ti ń kọ láti àárọ̀ dà?” Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú.” Èmi fúnra mi kò tíì lè sọ ibi tí ó lọ fún un.

Ibi tí ó lọ kò ṣòro láti mọ̀ nígbà tí mo délé. Bí ènìyàn kò bá yí i padà, PHP máa ń ka sẹ́ṣọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn fún 1440 ìṣẹ́jú-àáyá, èyí tí í ṣe ìṣẹ́jú 24, sí pàǹtírí tó ṣeé gbá dànù. Ìyá náà dúró fún ogójì. Mo lè sọ nọ́ńbà náà di ńlá kí n sì máa bá tèmi lọ. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe nìyẹn ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ ọ́ di wákàtí mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kò fi mí lọ́rùn sílẹ̀: kí ló dé tí mo fi iṣẹ́ tí ènìyàn fi odidi òwúrọ̀ ṣe pamọ́ síbi tí wọ́n ṣe fún ohun tó ṣeé gbàgbé?

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí ìṣòro yìí fi wà rárá. HTTP, èdè tí búráúsà àti sáfà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kì í rántí ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan dá dúró gedegbe. Ẹni tó béèrè ojú-ewé kejì jẹ́ àlejò pátápátá lójú sáfà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní ojú-ewé àkọ́kọ́. Fún ẹni tó kàn fẹ́ ka ìwé, kò sí wàhálà nínú èyí. Ìgbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ra ọjà lórí wẹ́ẹ̀bù ni ó di ìṣòro, ní ọdún 1994 sì ni Lou Montulli, tó ń ṣiṣẹ́ ní Netscape, ṣe kúkì: ọ̀rọ̀ kékeré kan tí sáfà ń fi lé búráúsà lọ́wọ́, tí búráúsà yóò sì máa fi hàn nígbàkigbà tó bá padà wá.

Ẹni tó bá ti gba káàdì ní ilé ìwòsàn ìjọba yóò mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Káàdì pélébé kan ni wọ́n máa ń fún aláìsàn, nọ́ńbà ló wà lára rẹ̀. Fáìlì tí dókítà ń kọ̀wé sí wà nínú yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Bí aláìsàn bá dé, yóò fi káàdì hàn, wọn yóò sì lọ wá fáìlì rẹ̀ jáde. Sẹ́ṣọ̀n gan-an nìyẹn: káàdì ni kúkì, fáìlì ni ohun tó wà lórí sáfà. Ó ṣeé ṣe kí ilé ìwòsàn kan pinnu pé kí aláìsàn máa gbé fáìlì rẹ̀ lọ sílé. Yàrá fáìlì á fúyẹ́, ẹnikẹ́ni kò ní tò nítorí fáìlì mọ́, ṣùgbọ́n bí òjò bá pa á, bí ọmọdé bá ya á, bí aládùúgbò bá kà á, tàbí bí aláìsàn bá fi bírò yí ohun tí dókítà kọ padà, ilé ìwòsàn kò ní mọ̀. Gbogbo wàhálà tí mo ti rí lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún náà wá kò kọjá fáìlì tó wà ní ọwọ́ tí kò yẹ kó wà.

Àtúnṣe kejì tí mo ṣe ni pé mo gbé fọ́ọ̀mù tí kò tíì parí lọ sínú localStorage, ìyẹn àyè ìpamọ́ tí búráúsà ń fún ìkànnì kọ̀ọ̀kan lórí ẹ̀rọ ẹni tó ń lò ó. Mo ti kọ́kọ́ ro ti kúkì, mo sì tètè fi í sílẹ̀: ohun tí ènìyàn lè gbára lé pé yóò wọ inú kúkì kan kò ju nǹkan bí 4096 báìtì lọ, gbogbo rẹ̀ ló sì máa ń bá ìbéèrè kọ̀ọ̀kan rìn, títí kan ìbéèrè fún àwòrán lásán, èyí tí yóò máa jẹ dátà ẹni tó fi owó ara rẹ̀ rà á. Àyè localStorage tó bí mẹ́gábáìtì márùn-ún, kì í bá ìbéèrè kankan rìn, a kò sì dá ọjọ́ fún un. Bí iná bá lọ, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń ṣe ségesège, bí sáfà pàápàá bá kú, ohun tí ènìyàn kọ ṣì wà níbẹ̀. Inú mi dùn sí i gan-an. Mo yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn, mo sì bá gbogbo lẹ́tà bí mo ṣe fi í sílẹ̀.

Ní bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, akọ̀wé ẹgbẹ́ pè mí. Ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ kan lọ kọ fọ́ọ̀mù ní káfẹ́ kọ̀ǹpútà kan. Ó fi nọ́ńbà tirẹ̀ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀ wọlé, ó ṣí fọ́ọ̀mù, ó sì bá orúkọ obìnrin kan tí kò mọ̀ rí níbẹ̀, pẹ̀lú iye owó oṣù rẹ̀, nọ́ńbà BVN rẹ̀, àti orúkọ ẹni tó fẹ́ ṣe onídùúró fún un. Obìnrin náà ti lo ẹ̀rọ yẹn ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, iná lọ, ó sì dìde lọ sílé. Àyà mi já. Láàárín àwọn olùkọ́, iye tí ènìyàn ń gbà lóṣù àti iye tí ó fẹ́ yá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ará ilé ẹni pàápàá lè má mọ̀. Mo lọ bá obìnrin náà fúnra mi ní ilé-ìwé rẹ̀ láti tọrọ àforíjì. Ó gbọ́ mi jálẹ̀, ó wá ní òun kò bínú sí kọ̀ǹpútà, èmi ni òun fi ọ̀rọ̀ òun lé lọ́wọ́.

Ohun tí mo ti kà nípa localStorage kí n tó lò ó kò ní àṣìṣe kankan nínú. Èmi ni n kò béèrè ohun tó yẹ. Mo ti béèrè pé, “Ṣé yóò wà níbẹ̀ nígbà tí ó bá padà?” N kò béèrè pé, “Ta ni yóò padà?” Búráúsà ló ni localStorage, ènìyàn kọ́. Lórí fóònù tí ẹnìkan ṣoṣo ń lò, ńṣe ló dà bí ẹni pé ọ̀kan náà ni búráúsà àti ènìyàn, ìdí nìyẹn tí àṣìṣe náà fi máa ń pamọ́ fún àwa tí a ń kọ kóòdù lórí kọ̀ǹpútà tiwa. Ní káfẹ́, ní ọ́fíìsì tí kọ̀ǹpútà kan wà fún ènìyàn mẹ́fà, lórí fóònù tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ láti fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ọ̀tọ̀ ni búráúsà, ọ̀tọ̀ ni ènìyàn. Gbogbo JavaScript, ìyẹn kóòdù tí búráúsà ń ṣiṣẹ́ lé lórí, tó bá sì wà lójú-ewé náà ló lè ka ohun tó wà níbẹ̀, títí kan èyí tí a yá láti ibòmíràn tí a kò yẹ̀ wò dáadáa. Ohun tí ènìyàn rò pé yóò wà títí pàápàá lè má sí: láti ọdún 2020, Safari, búráúsà ilé-iṣẹ́ Apple, máa ń pa ohun tí kóòdù ìkànnì bá kọ sí localStorage rẹ́, bí aṣàmúlò bá ti lo búráúsà náà fún ọjọ́ méje láì fọwọ́ kan ìkànnì ọ̀hún.

Ìgbà kẹta yìí, n kò sáré. Mo mú bébà kan, mo kọ gbogbo ohun tí ìkànnì náà ń rántí sí i, mo sì kọ síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan ta ló ni ín, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bó bá sọnù, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹlòmíràn bá rí i tàbí bí ó bá yí i padà. Bébà náà kún ju bí mo ṣe rò lọ. Ohun tí mo ti ń kó sínú sẹ́ṣọ̀n kan ṣoṣo jẹ́ bí ohun mẹ́wàá tí ẹni tó ni wọ́n yàtọ̀ síra, tí ọjọ́ orí wọn sì yàtọ̀ síra.

Ọmọ ẹgbẹ́ ló ni fọ́ọ̀mù tí kò tíì parí. Bó bá sọnù, òwúrọ̀ rẹ̀ ti ṣòfò, bí ẹlòmíràn bá sì rí i, ojú yóò tì í. Nítorí náà inú dátábéèsì ló yẹ kó wà, lábẹ́ nọ́ńbà ẹni náà, kó máa tẹ̀ lé e láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ. Mo jẹ́ kí ìkànnì máa fi í pamọ́ bí ènìyàn bá ti kúrò nínú àpótí kan bọ́ sí òmíràn, láì dúró de bọ́tìnnì. Mo gbé ìbéèrè BVN kúrò lójú-ewé kẹta lọ sí ojú-ewé ìkẹyìn, kí ó má baà wọ inú fọ́ọ̀mù tí ẹni tó ni ín lè má padà wá parí mọ́. Fọ́ọ̀mù tí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn fún ọgbọ̀n ọjọ́ yóò parẹ́, a ó sì ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ kìlọ̀ fún ẹni náà ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú. Nígbà tí Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà wá jáde ní ọdún 2023, tí ó ní a kò gbọ́dọ̀ tọ́jú ọ̀rọ̀ ènìyàn pẹ́ ju bí iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ gbà á ṣe nílò lọ, a kò ní ohun púpọ̀ láti tún ṣe. Ọ̀ràn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣẹ́kù: bí ohun tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ kò bá tíì dé sáfà, inú sessionStorage ló ń dúró sí títí sáfà yóò fi ní òun ti gbà á. Táàbù kọ̀ọ̀kan ló ní sessionStorage tirẹ̀, bí a bá sì ti ti táàbù náà, ó ti lọ nìyẹn. Fún ohun tí kò yẹ kó gbé ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ó bá a mu wẹ́kú.

Bí ènìyàn bá yan Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì, tàbí tó sọ lẹ́tà di ńlá nítorí ojú rẹ̀, mo fi ìyẹn sílẹ̀ nínú localStorage. Bó bá sọnù, títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ló ń dá a padà. Ojú-ewé tí ènìyàn wà, àti bí akọ̀wé ṣe to àwọn ẹ̀yáwó tó ń wò, inú àdírẹ́sì ìkànnì fúnra rẹ̀ ni mo gbé wọn sí, nítorí pé akọ̀wé fẹ́ràn láti máa fi líǹkì ránṣẹ́ sí alága lórí WhatsApp pé, “Ẹ wo àwọn mọ́kànlá tó ń dúró dè yín, sà.” Nígbà tí ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà wà nínú sẹ́ṣọ̀n, ohun mìíràn ni alága máa ń rí bó bá ṣí líǹkì, wọ́n á sì máa bá ara wọn jiyàn lórí fóònù. Ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tí àdírẹ́sì yìí kan náà ti ṣe ènìyàn léṣe, nínú iṣẹ́ kan tí mo bá nílẹ̀ ṣáájú: ẹni tó kọ ọ́ jẹ́ kí nọ́ńbà sẹ́ṣọ̀n máa hàn nínú àdírẹ́sì, oníbàárà kan fi líǹkì ọjà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ náà ṣí i, ó sì bá ara rẹ̀ nínú àkáǹtì ẹni tó fi í ránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó-èlé kò gba àlàyé púpọ̀. Kí n má baà wá a lẹ́ẹ̀mejì, mo ti fi iye èlé sínú àpótí tí kò hàn lójú-ewé karùn-ún, kí ó máa bá fọ́ọ̀mù rìn. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà kan tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ṣí irinṣẹ́ tó wà nínú búráúsà rẹ̀, ó yí 10 padà sí 1, ó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ètò sì gbà á. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún wa, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní. Ẹgbẹ́ ló ni iye èlé, gẹ́gẹ́ bí ó ti ni iye tí ènìyàn lè yá àti ipò tí ẹnìkan dì mú. Sáfà gbọ́dọ̀ máa kà á láti inú dátábéèsì nígbà tó bá fẹ́ lò ó, kí ó má gba ọwọ́ aṣàmúlò kọjá rárá.

Ní ọdún 2019, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn dara pọ̀ mọ́ ètò náà, nígbà tó sì di oṣù Kẹsàn-án tí àwọn olùkọ́ tí wọ́n jẹ́ òbí ń wá owó ilé-ìwé ọmọ tiwọn, sáfà kan kò gba gbogbo wa mọ́. Mo fi èkejì kún un, mo sì fi ẹ̀rọ tó ń pín ìbéèrè síwájú àwọn méjèèjì. Láàárín wákàtí kan, fóònù mi kò sinmi. Ènìyàn yóò wọlé, yóò tẹ nǹkan kan, ìkànnì yóò ní kó wọlé; yóò tún wọlé, gbogbo nǹkan á dára, yóò tẹ òmíràn, wọ́n á tún lé e jáde. Fáìlì sẹ́ṣọ̀n wà lórí dísìkì sáfà kìíní. Bí ìbéèrè bá bọ́ sọ́dọ̀ èkejì, èkejì kò rí ẹni náà rí. Ilé ìwòsàn ti ṣí ẹ̀ka sí òdìkejì ìlú, yàrá fáìlì ṣì jẹ́ ọ̀kan. Lọ́jọ́ náà, mo so aṣàmúlò kọ̀ọ̀kan mọ́ sáfà kan kí ariwo lè rọlẹ̀, ìyẹn sì ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ tí mo fẹ́ pa sáfà kejì kí n tún un tàn, tí mo rí i pé bí ìdajì àwọn tó wà nínú ìkànnì ni màá lé jáde.

Lẹ́yìn èyí ni mo kó sẹ́ṣọ̀n lọ sínú Redis, ètò ìpamọ́ kan tí sáfà méjèèjì jọ ń kà. Inú mẹ́mọ́rì ni Redis ń kó nǹkan sí, nítorí náà ó yá púpọ̀, ó sì mọ bí a ṣe ń dá àkókò fún nǹkan: bí wákàtí tí mo dá fún sẹ́ṣọ̀n bá pé, á yọ ọ́ kúrò láì dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹnìkan bi mí nígbà náà pé kí ló dé tí n kò kó àwọn fọ́ọ̀mù tí kò tíì parí lọ síbẹ̀ pẹ̀lú. Mo rántí ìyá olùkọ́. Bí mẹ́mọ́rì bá kún, tí a sì ti ṣètò Redis láti máa ju àwọn nǹkan kan nù kí ó lè rí àyè, tí sẹ́ṣọ̀n ẹnìkan wá bá a lọ, ẹni náà yóò tún wọlé, ó parí. Fọ́ọ̀mù kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ tí fóònù mi kò sinmi yẹn, inú bí àwọn ènìyàn gidigidi, wọ́n sì jàre, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó pàdánù fọ́ọ̀mù rẹ̀, nítorí pé wọn kò sí nínú sẹ́ṣọ̀n mọ́ láti ìgbà bébà yẹn.

JWT, irú tókìn kan, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ tí ènìyàn ń fi han sáfà, ló gbà mí pẹ́ jù kí n tó lóye rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí a fẹ́ ṣe áàpù fún fóònù ní ọdún 2021, ọ̀dọ́mọkùnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ dábàá rẹ̀, àlàyé rẹ̀ sì mọ́gbọ́n wá. Ìlànà rẹ̀ ti jáde láti ọdún 2015 gẹ́gẹ́ bí RFC 7519, ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì. Dípò kí sáfà máa lọ wá fáìlì, yóò kọ ohun tó yẹ kí ó mọ̀ nípa ènìyàn sórí tókìn, yóò lu òǹtẹ̀ rẹ̀ sí i, yóò sì fi lé e lọ́wọ́. Bí ẹni náà bá padà wá, sáfà yóò wo òǹtẹ̀. Bí ó bá pé, kò ní béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ dátábéèsì. Aláìsàn ń gbé fáìlì rẹ̀ kiri lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè fi bírò yí i padà láì jẹ́ pé a mọ̀. A fún tókìn kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ méje.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé òǹtẹ̀ kì í bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Mo fi ìlà kóòdù kan tú base64, ọ̀nà ìkọ̀wé tí ẹnikẹ́ni lè tú, tó wà nínú tókìn ọ̀kan nínú wa, mo sì ka owó oṣù tí a kọ síbẹ̀ ketekete. A yọ ọ́ kí áàpù tó jáde. Ohun kejì ni a kò rí títí ó fi ṣẹlẹ̀. Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ kan dá akọ̀wé kan dúró lọ́jọ́ Ajé lórí ọ̀rọ̀ tí kò kan ìkànnì wa, wọ́n ní kí n yọ ọ́ kúrò. Mo yọ ọ́ nínú dátábéèsì lójú ẹsẹ̀, mo sì sọ fún alága pé ó ti parí. Ní Ọjọ́bọ̀, mo ń wo àkọsílẹ̀ sáfà fún nǹkan mìíràn ni mo rí i pé áàpù orí fóònù ẹni náà ṣì ń ṣí orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè. Òǹtẹ̀ wa ṣì wà lórí tókìn rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ kò sì tíì pé. Sáfà kò rí ìdí kankan láti béèrè. Mo ní láti padà lọ sọ fún alága pé ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ Ajé kì í ṣe òótọ́.

Láti ìgbà náà, tókìn orí fóònù kì í gbé ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Tókìn kejì, èyí tí a fi ń gba tuntun bí ìṣẹ́jú náà bá pé, wà nínú dátábéèsì lórúkọ ènìyàn, a sì lè pa á rẹ́ nígbà tí a bá fẹ́. Fún búráúsà, a kò lo JWT mọ́ rárá. Káàdì lásán ni a padà sí, nọ́ńbà gígùn tí ẹnikẹ́ni kò lè méfò, nínú kúkì tí a kọ HttpOnly sí kí JavaScript má lè kà á, Secure kí ó má baà gba ọ̀nà tí kò ní ààbò kọjá, àti SameSite kí ìkànnì ẹlòmíràn má lè fi orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ béèrè nǹkan lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọdún 2020 ni búráúsà Chrome ti ń mú SameSite ní Lax, ìpele rẹ̀ tí kò le jù, bí ènìyàn kò bá tilẹ̀ kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ṣì ń kọ ọ́ fúnra mi. Mo mọ àwọn tí wọ́n ń lo JWT tí ó sì ń ṣe wọ́n láǹfààní, pàápàá láàárín sáfà àti sáfà, n kò sì bá wọn jà. Àmọ́ bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé àǹfààní rẹ̀ ni pé sáfà kò ní láti rántí ẹnikẹ́ni, mo máa ń bi í pé, bí wọ́n bá ní kí ó kọ ẹnìkan sílẹ̀ lónìí yìí ńkọ́?

Ọ̀kan wà tí mo fi sílẹ̀ sẹ́yìn, èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2018. Ìyá olùkọ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn tún béèrè fún ẹ̀yáwó kan kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ó bẹ̀rẹ̀ fọ́ọ̀mù lórí kọ̀ǹpútà ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, iná lọ, ó sì ṣí i lórí fóònù ara rẹ̀ lálẹ́. Ojú-ewé kẹrin ló ṣí, pẹ̀lú orúkọ onídùúró àkọ́kọ́ tó ti kọ. Ó fóònù mi lálẹ́ ọjọ́ náà láti sọ ọ́: “Ọmọ mi, ó dúró dè mí o.” Ó kọ onídùúró kejì, ó sì lọ sùn. Nígbà tó jí, onídùúró kejì kò sí níbẹ̀ mọ́. Iná ti dé lóru, ọmọ rẹ̀ tan kọ̀ǹpútà, ojú-ewé àtijọ́ ṣì wà ní ṣíṣí, ó tẹ inú àpótí kan, ó jáde kúrò nínú rẹ̀, ìkànnì sì fi èyí tó ti gbó bo tuntun mọ́lẹ̀.

N kò ti ronú kan ẹnìkan ṣoṣo tó wà níbi méjì. Mo fi nọ́ńbà kan kún fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, tí ó ń fi ọ̀kan lé sí i nígbàkigbà tí a bá tún un fi pamọ́. Bí nọ́ńbà tí ojú-ewé mú wá kò bá bá èyí tó wà nínú dátábéèsì mu, sáfà kò ní kọ ọ́ lé e lórí, yóò fi àwọn méjèèjì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èmi àti akọ̀wé lo odidi ọ̀sán kan lórí ọ̀rọ̀ tí yóò máa hàn níbẹ̀, nítorí pé “àìbáramu” tí mo kọ́kọ́ kọ kò yé ẹnikẹ́ni nínú ọ́fíìsì náà. Ohun tí a fẹnu kò sí ni: “Ẹ ti kọ nǹkan síbí lórí ẹ̀rọ mìíràn ní aago mẹ́jọ alẹ́ àná. Èwo ni kí a mú?” Ìyá náà ló kọ́kọ́ lò ó. Ó ka ọ̀rọ̀ náà sókè, ó wo méjèèjì, ó sì mú ti alẹ́ àná.